Ọkọ̀ Tó Lè Fa Àgọ́ Wa

Ọjọ́ Sátidé kan ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin wá sílé wa ní Mowe. Ó jókòó sórí àga tó kọjú sí ọkọ mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ bí ẹni pé kò sí nínú yàrá. Ó ní àwọn ẹbí ti rí ilé àdúrà kan tí wọ́n ti ń gba àwọn aláìsàn sọ́dọ̀. Ó ní kí n di ẹrù ọkọ mi, kí wọ́n gbé e lọ síbẹ̀.

"Títí dìgbà wo, Àǹtí?" mo bi í.

"Ìyàwó, ta ló ń dá ìgbà fún Ọlọ́run?"

Mo wo ọkọ mi. Ó ti pé ọdún méjì tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú un lápá ọ̀tún àti lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú, àmọ́ kò di í létí, kò sì kan làákàyè rẹ̀. Ojú fèrèsé ló ń wò. Mo rí bó ṣe fi ọwọ́ òsì di apá àga mú, tí iṣan ọwọ́ náà yọ.

"Kò ní lọ," mo ní. "Píkọ́ọ̀pù ni mo fẹ́ rà."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi rẹ́rìn-ín. "Píkọ́ọ̀pù kẹ̀? Ṣé yanrìn lo fẹ́ máa kó ni?"

"Dádì tó jókòó yìí ni mo fẹ́ fi gbé lọ sínú igbó."

Ẹ̀rín náà tán lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ìrònú ti fẹ́ dà mí lórí rú. Mo sin ín dé ẹnu géètì, mo kúnlẹ̀ kí i pé ó dàbọ̀, mo sì tilẹ̀kùn.

Kì í ṣe pé orí mi dà rú. Iṣẹ́ wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ni ọkọ mi fi ọgbọ̀n ọdún ṣe. Tí ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ wọ̀n bá jìn sígboro, òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ á pàgọ́ síbẹ̀, wọ́n á lo ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta. Tó bá padà wálé, gbogbo aṣọ rẹ̀ á máa rùn fún èéfín igi, ara rẹ̀ á sì yá ju ti ẹni tó lọ sinmi lọ. A ní ilẹ̀ kan lọ́nà Ọbáfẹ́mi tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n, tí odò kékeré kan ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. A ò tíì kọ́ nǹkan kan síbẹ̀. Láti ìgbà tó ti ń ṣàìsàn, tí mo bá tẹ́ àwòrán ilẹ̀ náà síwájú rẹ̀, á fi ìka òsì tọ odò yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀, á tún padà sókè. Mo bi dókítà rẹ̀ léèrè bóyá mo lè gbé e lọ síbẹ̀. Ó ní kò sóhun tó burú ńbẹ̀, kó ṣáà máa lo oògùn rẹ̀, kó sì ríbi tó dáa sùn sí.

Iṣẹ́ ibi tó dáa yẹn ni mo ti gbé fún wẹ́dà kan, ajórin, ní Ibafo. Ó bá mi ṣe àgọ́ onítáyà mẹ́rin: yàrá onírin kékeré kan, bẹ́ẹ̀dì méjì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ arọ ọkọ mi lè wọ̀, àti tánkì omi lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó parí rẹ̀, ó na ọwọ́ sí ọkọ̀ kékeré tí mo gbé wá.

"Màmá, ẹ má tan ara yín o. Ọkọ̀ yín ò lè fa nǹkan yìí. Tó bá tiẹ̀ fà á, tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì, àgọ́ ló máa ti ọkọ̀ lọ."

Òótọ́ ló sọ. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkọ̀ nìyẹn.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní obìnrin kì í dá lọ ra ọkọ̀, wọ́n á rẹ́ ẹ jẹ. Mo bá mú àbúrò mi ọkùnrin dání lọ sí ibi kan tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ létí òpópónà ní Ibafo. Àṣìṣe gbáà ni. Ọkùnrin tó ń ta ọkọ̀ kí mi, ó wá kọjú sí àbúrò mi, kò sì yí i padà mọ́. Ó mú wa lọ sídìí píkọ́ọ̀pù dúdú kan tó ń dán bíi bàtà ọkọ ìyàwó.

"Bọ̀dá, tòkunbọ̀ gidi nìyí. Màdámú á gbádùn ẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n wà nínú ẹ̀."

"Ẹrù tó wúwo tó kí ló lè fà?" mo bi í.

"Ó lágbára gan-an ni, màdámú."

"Mo gbọ́. Kílò mélòó?"

Ó rẹ́rìn-ín sí àbúrò mi. "Bọ̀dá, ẹ bá mi bá màdámú sọ̀rọ̀."

Mi ò dúró kí àbúrò mi bá mi sọ̀rọ̀. Mo gba páálí kan lọ́wọ́ obìnrin tó ń ta omi nítòsí, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo so ìró mi le, mo sì fẹ̀yìn wọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ náà. Mo gbọ́ tí ọkùnrin náà ń pariwo lókè pé, "Màdámú, ilẹ̀ yẹn dọ̀tí o!" Mo fi ọwọ́ pa irin gígùn tó gbé gbogbo ọkọ̀ dúró. Ọ̀dà tuntun ni wọ́n fi kùn ún, àmọ́ lápá ẹ̀yìn, ọwọ́ mi kan ibì kan tó wú gúdúgúdú, bí ojú egbò tí kò jinná dáadáa. Irin náà ti dá rí. Wọ́n jó o pọ̀, wọ́n sì fi ọ̀dà bò ó.

Mo jáde, mo gbọn erùpẹ̀ kúrò lára. "Fisíìsì ni mo fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ," mo sọ fún un. "Tí mo bá so ẹrù mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí, ibi tẹ́ ẹ jó yẹn ló máa já. Ọkọ mi ló máa wà nínú ẹ̀ nígbà tó bá já. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Èmi ni kẹ́ ẹ dá lóhùn, ẹ má wo bọ̀dá."

Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ọkùnrin náà ṣáá pé kó má bínú. Mo sọ fún òun náà pé èyí tó kù, èmi nìkan ni màá lọ.

Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ló júwe Àlàájà kan fún mi ní Ifo, tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù, tó sì fẹ́ ta píkọ́ọ̀pù tó fi ń fa ẹrù. Màmá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún. Fúnra wọn ni wọ́n ń wa ọkọ̀ náà kí orúnkún tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Kò sí ohun tó ń dán lára ẹ̀. Aláwọ̀ búlúù ni, ilẹ̀kùn kan ti tẹ̀ wọnú, epo dísù ló ń lò, táyà ẹ̀yìn sì jẹ́ méjì-méjì lápá kọ̀ọ̀kan. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọn ò tíì jẹ́ kí n dìde tí wọ́n fi béèrè pé, "Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Mo ròyìn gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní kí n dìde.

"Irú ẹ̀ ṣe ọkọ tèmi náà," ni wọ́n wí. "Inú yàrá la tì í mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. A rò pé à ń tọ́jú ẹ̀ ni." Wọ́n wá yí ohùn padà. "Ṣùgbọ́n mi ò ní tà á fún ọ, àfi tí mo bá rí i pé o lè wà á. Lọ́jọ́bọ̀, màá gbé e wá bá ọ nídìí àgọ́ yẹn."

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, Àlàájà dé Ibafo pẹ̀lú awakọ̀ wọn. Mo gbé ọkọ mi wá nínú ọkọ̀ kékeré wa, mo sì fi í sábẹ́ ibòòji. Wẹ́dà pọn omi kún tánkì bámúbámú, a so àgọ́ mọ́ píkọ́ọ̀pù. Àlàájà ní kí n kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn wà á wọ àárín òpó méjì tó wà níbẹ̀.

Lórí ìwé, mo mọ̀ ọ́n: tí o bá fẹ́ kí ìdí àgọ́ lọ sọ́tùn-ún, òsì ni wàá yí ọwọ́ ọkọ̀ sí. Ọwọ́ mi ò mọ ìwé. Lẹ́ẹ̀kíní, àgọ́ náà dábùú sẹ́yìn ọkọ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ògiri ẹnì kan. Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í péjọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pè mí ní olùkọ́. Ọ̀kan dì mọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀.

"Màmá, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ jẹ́ ká bá yín wà á."

"Yọwọ́ ẹ kúrò lára ọkọ̀ yìí!" Àlàájà ló pariwo bẹ́ẹ̀, látorí àga tí wọ́n jókòó sí. "Ṣé ìwọ lo máa wà á délé fún un?"

Òógùn bo ojú mi, àmọ́ mi ò sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà kẹfà ni mo tó gbé e wọ àárín òpó méjèèjì. Lẹ́yìn náà la gbé e lọ gun òkè kan lẹ́yìn àdúgbò. Àlàájà ní kí n dá a dúró sáàárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Mo tẹ bíréèkì. Ó dúró gbọn-in, pẹ̀lú gbogbo omi yẹn lẹ́yìn. Mo fún un níná, ó kùn, ó sì gòkè lọ láìyọ̀ sẹ́yìn.

"Ó ti di tìẹ," ni Àlàájà wí.

Ó ku ọkọ mi. Àga ọkọ̀ náà ga jù. Awakọ̀ àti wẹ́dà sún mọ́ ọn láti gbé e sókè, ó sì na ọwọ́ òsì, ó dá wọn dúró. Mo gbé búlọ́ọ̀kù kan sílẹ̀ fún un. Ó fi ẹsẹ̀ òsì tẹ̀ ẹ́, ó di irin ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn mú, ó sì fa ara rẹ̀. Ó já bọ́ sí mi lára lẹ́ẹ̀kan. Ó tún fà. Ó pẹ́ o. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín gan-an ò rẹ́rìn-ín mọ́. Nígbà tí ìdí rẹ̀ balẹ̀ sórí àga, ó lu pátákó iwájú ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ nu ojú mi.

Ọ̀sẹ̀ kejì la lọ sórí ilẹ̀ wa. Mo ta tápólì síwájú àgọ́, mo dáná igi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbọ́, ó gun ọ̀kadà dé bá wa lọ́jọ́ kejì, eruku bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, inú ń bí i.

"Ìyàwó, gbé e fún mi, kí n mú un padà sílé."

Ọkọ mi ń fi ọwọ́ òsì fá irùngbọ̀n rẹ̀ létí odò. Ó gbé abẹ sílẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ṣiṣẹ́ fúngbà pípẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó jáde, àmọ́ gbogbo wa la gbọ́ ọ ketekete.

"Mi ò lọ."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sórí àpótí. Ó sunkún díẹ̀. Mo bu ẹ̀wà fún un, ó jẹ ẹ́ tán, ó sì gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ.

Ọkọ mi ò tíì lè rìn, mi ò sì lè sọ fẹ́nikẹ́ni pé igbó wò ó sàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì ń rojọ́ mi kiri láàárín ẹbí. Oṣooṣù la ń lọ. Ọkọ̀ náà ń mu dísù bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣínu ààwẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ ò sì tíì nà. Ní Mowe, Ìyá Alágọ̀ọ́ ni wọ́n ń pè mí báyìí, mo sì máa ń dáhùn.