Ìlà Tí Wọ́n Fò

Kò sí orin kan nínú ìwé orin ìjọ wọn ní Iléṣà tí Julianah kò mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọdún kejìdínlógún rèé tó ti ń ka orin sílẹ̀ fún ìjọ: á pe ìlà kan, ìjọ á kọ ọ́, á tún pe òmíràn. Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn láti ayé àwọn bàbá wọn, nígbà tí ìwé orin kò tíì kárí. Julianah á ṣí ìwé sórí àtẹ́lẹwọ́, á tẹjú mọ́ ọn, ohùn rẹ̀ á sì já gaara. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ pé ìyá náà kò mọ̀wé rárá. Ẹni náà ni Micah, ọkọ rẹ̀, káfíńtà tó ti gbé ayùn kọ́.

Ìwàrà ni wọ́n bí Julianah sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lọ sílé ìwé. Òun bá ìyá wọn bó obì gbànja. Ìyá náà ló ń fi orin kọ́ ọ bí wọ́n ti ń bó o, títí gbogbo ìwé orin fi wọ inú rẹ̀. Gbànja yìí kan náà ló ń tà títí di òní.

Oṣù kan kí ìjọ tó ṣe àjọ̀dún ọgọ́rin ọdún ni Alàgbà Cornelius na ìwé pélébé kan sí i.

“Ìyá Wúrà, mo kọ orin tuntun fún àjọ̀dún wa. Ẹ̀yin lẹ óò kà á sílẹ̀.”

Julianah ní kò burú. Kí ni ìbá tún sọ? Ó ká ìwé náà sínú gèlè, ó rìn délé bí ẹni tó ru omi gbígbóná.

Micah rẹ́rìn-ín títí. “Ọwọ́ bà ọ́ wàyí, akàwé. Gbé e wá. Bí mo bá kà á lẹ́ẹ̀mẹta, o ti gbé e mì nìyẹn. Ṣebí bó o ṣe ń ṣe é nìyí.”

“Rárá, Bàbá Wúrà. Èmi ni mo máa kà á.”

“Ìwọ wo?”

Julianah fi ìwé náà pamọ́. Micah kò mọ ohun tó ti ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Ní aago mẹ́rin ọ̀sán, bí iná bá wà, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Òṣogbo máa ń gbé orin ìyìn sáfẹ́fẹ́, wọn á sì kọ ohun tí wọ́n ń kọ lórin sísàlẹ̀, tí àwọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń yí padà bí ẹnu akọrin bá ti dé ibẹ̀. Julianah á gbé abọ́ gbànja tó rẹ sínú omi síwájú, á máa bó o, á máa wò. “Olúwa” ló kọ́kọ́ dá mọ̀, nítorí kò sí orin tí ọ̀rọ̀ náà kò sí nínú rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni “ọpẹ́” àti “ayọ̀.” Á fi ìka tútù kọ wọ́n sórí sìmẹ́ńtì, ilẹ̀ á gbẹ, á tún kọ òmíràn.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé ó ti mọ gbogbo orin náà tẹ́lẹ̀. Ṣé ojú rẹ̀ ń kà á lóòótọ́, àbí ẹnu ló ń tan ojú jẹ? Nítorí ìbẹ̀rù yìí, ìwé Alàgbà Cornelius ṣì wà ní kíká.

Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí àjọ̀dún pé, Micah wà nítòsí, Julianah ń bá orin kan lọ lórí tẹlifíṣọ̀n, orin tó mọ̀ láti kékeré: “Ó mú mi kọjá odò tó kún, ó gbé mi dé orí òkè…” Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí obì.

“Bàbá Wúrà, wọ́n fo ìlà kan.”

“Wọn ò fo nǹkan kan. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.”

“Akọrin ò fò ó. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni. Wọn ò kọ ti odò.”

Kí Micah tó rí awò ojú rẹ̀, ìlà náà ti lọ. Ṣùgbọ́n ègbè tún padà wá, àṣìṣe náà sì bá a wá. Ó yọ awò, ó wo ìyàwó rẹ̀.

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Ẹnu mi wà nínú odò, ojú mi ti wà lórí òkè.”

Micah kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó jókòó tì í, ó ní kó mú ìwé orin tuntun náà wá. Ìlà méjì ni wọ́n rí kà lọ́jọ́ náà. Nígbàkigbà tó bá la ẹnu láti ràn án lọ́wọ́, Julianah á ní, “Ẹ má tíì sọ ọ́.”

Lọ́jọ́ àjọ̀dún, ó kà á, ṣùgbọ́n kò yára bíi ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tó dé ẹsẹ kẹta, ọ̀rọ̀ kan há. Micah, tó mọ ọ̀rọ̀ náà, di ètè pọ̀ láàárín àwọn ọkùnrin. Julianah kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó fi ìka tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀, ó pè é, ìjọ sì gbé e.

Lẹ́nu ọ̀nà, Àpìkẹ́, tí wọ́n jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan láti ọjọ́ pípẹ́, dá a dúró.

“Ìyá Wúrà, ẹ fa orin lónìí bí ẹni ń fa ewúrẹ́ lọ sínú omi. Ṣé ara yín yá?”

“Ara mi yá. Ohun tó wà lórí mi ni mo máa ń pè tẹ́lẹ̀, Àpìkẹ́. N kò mọ̀wé. Tòní yìí ni mo kà. Orin orí tẹlifíṣọ̀n ló kọ́ mi.”

Ẹ̀rín ti dé ẹnu Àpìkẹ́, ṣùgbọ́n kò jáde. Ó wo ìwé orin tó wà lọ́wọ́ òun náà, tó mọ́ tónítóní bí ọjọ́ tí wọ́n rà á.

“Aago mélòó ni wọ́n ń ṣe é?” Ó bi í ní ohùn jẹ́jẹ́.

“Mẹ́rin. Gbé àpótí ìjókòó rẹ dání. Obì pọ̀ nílẹ̀.”