Balùwẹ̀ Tí Timothy Káfíńtà Kọ́ Fún Ìyàwó Rẹ̀

Bí ẹ bá dé Ajangbadi tí ẹ béèrè Timothy Káfíńtà, kò sẹ́ni tó máa bi yín pé Timothy wo. Ọmọ Ìmẹ̀kọ ni. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó sì ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń kan tábìlì, àga àti bẹ́ẹ̀dì nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Ohun tí wọ́n fi mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó máa ń jọ̀lọ̀. Ó lè fi odindi ọjọ́ kan fa sáńpépà lórí pákó kan ṣoṣo. Àwọn oníbàárà a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí eṣinṣin bá bà lé tábìlì Timothy, á ṣubú.

Yéjídé ìyàwó rẹ̀ ń ránṣọ. Sùtánà funfun ló máa ń rán fún àwọn ọmọ ìjọ wọn, kò sì sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọrùn sùtánà tó o. Àwọn méjèèjì ló jọ kó ohun tí wọ́n ní pọ̀ tí wọ́n fi ní kí bíríkìlà kọ́lé fún wọn, yàrá méjì àti pálọ̀. Balùwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé, èèyàn ó rìn kọjá nínú àgbàlá kó tó débẹ̀. Nígbà náà, èyí kò jọ ìṣòro lójú ẹnikẹ́ni.

Nínú oṣù Èrèlé ọdún tó kọjá, Yéjídé ń gé aṣọ lọ́wọ́ ni sísọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti kọ iṣẹ́, ẹnu rẹ̀ sì ti wọ́. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, ó lè wọ́ ẹsẹ̀ bí ó bá rí nǹkan dì mú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò padà. Ẹ ó rí i lójú rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ kún inú rẹ̀, ègé kan ló máa já bọ́, ìyẹn náà kì í sì í sábà yéni.

Ọjọ́ kan nínú oṣù Òkudù, òjò ń rọ̀ láti àárọ̀. Timothy wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ìgbọ̀nsẹ̀ ń gbọ̀n Yéjídé, ó di ògiri mú, ó ní òun á dá àgbàlá náà kọjá. Kò dé ìdajì ọ̀nà tó fi jókòó sínú ẹrẹ̀, ibẹ̀ ló sì ṣe é sí. Maimunat, aládùúgbò wọn, ló rí i láti ojú fèrèsé tó sáré wá gbé e. Nígbà tí Timothy dé, wọ́n ti wẹ̀ fún un, wọ́n ti wọṣọ fún un, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ òsì bojú, kò sì jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ rí ojú òun títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lọ́jọ́ kejì, Timothy lọ bá Muheez, ọmọkùnrin bíríkìlà kan tí gbogbo àdúgbò gbà pé ó mọṣẹ́. Ó ní òun fẹ́ fa balùwẹ̀ kan tí àwo ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú rẹ̀ mọ́ yàrá àwọn, kí ìyàwó òun lè ti orí bẹ́ẹ̀dì rìn bọ́ sínú rẹ̀.

Muheez ní, “Bàbá, iṣẹ́ kan ló dá mi dúró ní Iba. Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré, màá wá bá yín ṣe é bó ṣe yẹ.”

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nínú òjò yìí?”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a ṣe o. Balùwẹ̀ kì í ṣe àga.”

Timothy dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gba ilé lọ. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọwọ́ tó mọ ayùn kò lè má mọ ṣọ́bìrì. Kó tó di ọ̀sán, ó ti kan èèkàn mẹ́rin sílẹ̀ lẹ́yìn ògiri yàrá wọn, ó ti na okùn, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀.

Kò tíì gbẹ́ ẹ dé orúnkún tí omi fi yọ. Ilẹ̀ Ajangbadi kì í fi omi rẹ̀ jìnnà. Ó fi garawa gbọ́n ọn dànù, nígbà tó fi máa di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ihò ti kún padà. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi gbọ́n omi kó tó rí àyè da òkúta àti kọnkéré sí i. Ìlà búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ tó tò wọ́ bí ejò, ó wó o, ó tún un tò. Sìmẹ́ńtì jẹ gbogbo ìka rẹ̀ débi pé kò lè fọwọ́ jẹun. Ẹ̀rù bà á jù lọ lọ́jọ́ tó fẹ́ lu ògiri yàrá láti fi ṣe ojú ọ̀nà. Ó ti fi pákó tó nípọn gbé òkè rẹ̀ ró, síbẹ̀ ògiri náà sán títí dé àjà. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́, ó ń retí kí ilé wó. Ilé kò wó.

Ní gbogbo àkókò yìí, Yéjídé jókòó lójú fèrèsé, ó ń wò ó. Bí Timothy bá fi ẹsẹ̀ gbá garawa dànù, á gbọ́ ìró kan láti ẹnu rẹ̀ tó jọ ẹ̀rín. Ó tó oṣù mẹ́rin tó ti gbọ́ irú rẹ̀ kẹ́yìn. Ó sọ fún Maimunat pé nígbà mìíràn òun máa ń mọ̀ọ́mọ̀ gbá a.

Nígbà tó da ilẹ̀ balùwẹ̀ náà, ó fi lẹ́fẹ̀lì wọ̀n ọ́n bí ẹni ń wọn ojú tábìlì, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Inú rẹ̀ dùn. Ó wá bu omi sí i, omi náà sì dúró síbẹ̀, kò lọ sójú ihò tó yẹ kó gbà jáde, kò lọ síbòmíràn. Káfíńtà ni, kò tíì ṣe ohun kan rí láyé rẹ̀ tó yẹ kó dagẹ̀rẹ̀. Ó fọ́ gbogbo rẹ̀, ó tún un dà kó lè dagẹ̀rẹ̀ sójú ihò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé, Muheez sì dé láti Iba. Ó yẹjú wò ó, ó ní kí Bàbá jẹ́ kí òun parí ìyókù.

“Ó ku táìlì nìkan,” ni Timothy wí. “Má ṣèyọnu, mo ti ṣe é tán.”

Okokomaiko ló ti lọ ra táìlì náà. Ó mú aláwọ̀ funfun kan tí òdòdó búlúù wà lára rẹ̀.

Òǹtajà náà bi í pé, “Ilẹ̀ ni àbí ògiri, Bàbá?”

“Méjèèjì.”

“Ti ògiri lèyí tẹ́ ẹ mú yẹn o. Ti ilẹ̀ rèé.”

Ó nawọ́ sí òmíràn tó ní àwọ̀ eérú. Timothy fọwọ́ ra á. Ó le lọ́wọ́ bíi pákó tí sáńpépà kò kàn. Kò rí i bí òun ṣe lè gbé nǹkan gbágungbàgun bẹ́ẹ̀ lọ fún obìnrin tó ti jókòó sínú ẹrẹ̀. Olódòdó náà ló gbé lọ sílé.

Ọjọ́ tó parí rẹ̀, ó fa Yéjídé lọ́wọ́ wọlé. Ibẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń dán. Yéjídé fọwọ́ kan ògiri. Ó wo ilẹ̀. Ó bọ́ sálúbàtà ẹsẹ̀ òsì, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ ra táìlì náà síwá sẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

“Yọ̀,” ni ó wí.

Timothy sún mọ́ ọn.

“Ó... yọ̀.”

“O ní o ń yọ̀?”

Yéjídé mi orí, omi bọ́ lójú rẹ̀. Timothy fi etí aṣọ nu omi náà, òun náà ń sunkún. “A ó máa yọ̀ ni, Ìyá Fúnkẹ́. Ó ti parí.”

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó wọ sùtánà rẹ̀, ó sì bọ́ síwájú ìjọ láti jẹ́rìí. Ó ní ó pé oṣù mẹ́fà tí ìyàwó òun kò ti sọ ọ̀rọ̀ kan tó já gaara, ìgbà tó sì máa la ẹnu, yíyọ̀ ló ní òun ń yọ̀. Ìjọ kígbe halelúyà. Nígbà tó padà síjòókòó, Yéjídé fi ọwọ́ òsì di apá aṣọ rẹ̀ mú, ó ń mi orí, kò sì jáwọ́ títí ìsìn fi parí. Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn wọn ní ayọ̀ náà ló pọ̀ jù fún un.

Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e ni Yéjídé ṣubú. Ọ̀sán gangan ni, Timothy ń fá igi ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí Maimunat sáré wọlé láìbo orí. Wọ́n bá Yéjídé nílẹ̀ balùwẹ̀ náà, omi tó fi wẹ̀ kò tíì gbẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ká síbi tí ẹsẹ̀ kì í ká sí. Kẹ̀kẹ́ márúwá ni wọ́n fi gbé e lọ. Dókítà ní egungun ìbàdí ló ṣẹ́, wọ́n á ní láti ṣe iṣẹ́ abẹ.

Adéfúnkẹ́ ọmọ wọn dé láti Ṣàgámù lọ́jọ́ kejì. Ó yà sílé láti kó aṣọ àti kànìnkànìn ìyá rẹ̀, bàbá rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Bó ṣe ki ẹsẹ̀ kan bọ balùwẹ̀, ẹsẹ̀ náà sáré lọ síwájú, ó yára di férémù ilẹ̀kùn mú.

“Bàbá mi, ilẹ̀ yìí mà ń yọ̀.”

“Kí lo sọ?”

“Mo ní ilẹ̀ yìí ń yọ̀. Ṣé ẹ ò mọ̀ ni?”

Timothy jókòó sórí àwo ìgbọ̀nsẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kò yọ ayọ̀ kankan lọ́jọ́ náà. Ìkìlọ̀ ló fi ìwọ̀nba ẹnu tó kù fún un ṣe, ẹ̀ẹ̀mejì, òun sì gbé ìkìlọ̀ náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ dúpẹ́ lé e lórí. Ó rò ó fún ọmọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Adéfúnkẹ́ sunkún, ó ní bàbá òun kò mọ̀ọ́mọ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ pé ó mọ̀ọ́mọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n máa dá Yéjídé sílẹ̀, ó ní òun á máa gbé ìyá òun lọ sí Ṣàgámù. Timothy kò bá a jiyàn.

Òun nìkan ló ń fi òòlù àti ṣísẹ́ẹ̀lì hú táìlì náà nígbà tí Muheez wọlé bá a. Muheez kò sọ pé “ṣebí mo wí.” Ó kàn gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló jọ tún ilẹ̀ náà dà, Muheez sì fi ìgbálẹ̀ fa ìlà sí ojú sìmẹ́ńtì tútù náà kí ẹsẹ̀ lè máa dì í mú. Wọ́n kan irin mọ́ ògiri lápá òsì, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ẹ̀gbẹ́ àwo.

Oṣù Belú ni Timothy lọ sí Ṣàgámù láti mú ìyàwó rẹ̀ bọ̀. Ó bá a nínú àga onítáyà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọmọ wọn. Ọ̀rọ̀ ti ń padà sí i lẹ́nu, díẹ̀díẹ̀.

“Mo ti tún un ṣe,” ni Timothy wí. “Mo hú gbogbo rẹ̀ dànù. Ẹsẹ̀ á dúró níbẹ̀ báyìí. Irin wà tí wàá máa dì mú.”

“Ẹ ṣé.” Ó sinmi díẹ̀. “Mi ò... bínú.”

“Mo mọ̀.”

“Ṣùgbọ́n mi ò lè padà.”

“Tó bá jẹ́ balùwẹ̀ yẹn ni, màá ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa.”

Yéjídé mi orí. “Mo sọ fún yín. Mo tún sọ. Ẹ ní ayọ̀ ni.” Ó pẹ́ kó tó rí ìyókù ọ̀rọ̀ náà mú. “Tí mo bá tún... sọ nǹkan míì ńkọ́? Fúnkẹ́ ń gbọ́ mi.”

Ọdún kẹrìnlélọ́gbọ̀n tí wọ́n fẹ́ra nìyẹn. Timothy di ọwọ́ òsì ìyàwó rẹ̀ mú títí àsìkò ọkọ̀ fi tó, ó sì dá nìkan padà sí Ajangbadi.

Láti ìgbà náà, ní Sátidé méjìméjì, á wọ ọkọ̀ ní Okokomaiko, á tún wọ òmíràn, títí á fi dé Ṣàgámù. Nígbà kan tó lọ, ilẹ̀kùn kíṣìnì Adéfúnkẹ́ ń ha ilẹ̀, kò ṣeé tì. Adéfúnkẹ́ ní kí bàbá òun bá àwọn wò ó. Timothy bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ tọ ìdí ilẹ̀kùn náà. Nǹkan tí kò ní gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ ni, kéèyàn kàn fá ìdí rẹ̀ díẹ̀. Ó rántí táìlì tí ọwọ́ kan náà yẹn yàn, ó dìde, ó gbọn ọwọ́ nù.

“Ẹ wá káfíńtà kan pè,” ni ó wí.

Adéfúnkẹ́ kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Nígbà tó wo ojú rẹ̀ dáadáa, ó ní ó dáa, wọ́n á wá ẹnìkan pè. Timothy padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fa àga kan sún mọ́ ti Yéjídé, ó sì jókòó.