Ìró Kẹjọ Tí Èmi Nìkan Gbọ́

Ojú mi ló ṣe. Kò sí ẹni tó ròyìn rẹ̀ fún mi. Mo ń ṣe àlùwàlá ìrun àsárì lẹ́yìn ilé wa n'Íjẹmọ ni etí òsì mi ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í hó ṣíì, bí ìgbà tí omi fẹ́ hó lórí iná. Mo rò pé omi ló kó sí i. Mo gbọn orí títí, kò dákẹ́. Oṣù kan kọjá, kò dákẹ́.

Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà. Ṣùgbọ́n níbikíbi tí wọ́n bá ti ń fọ́ òkúta láti Abẹ́òkúta dé ọ̀nà Alábàtà, ẹ béèrè Bàbá Fàtáì. Èmi ni mo ń tanná sí dáínámáìtì. Nígbà tí àwọn tó kù bá sá lọ jìnnà, èmi kì í rìn ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ. Màá dúró sẹ́yìn àpáta, màá máa ka ìró. Kíka ìró yẹn gan-an niṣẹ́. Bí a bá di dáínámáìtì sínú ihò mẹ́jọ, ìró mẹ́jọ la gbọ́dọ̀ gbọ́. Bó bá ku ẹyọ kan, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀, torí èyí tí kò bú yẹn lè bú nígbàkígbà. Èmi ni mo máa ń sọ pé ó ti pé. Ọdún méjìdínlógún, n kò ṣì í rí.

Lẹ́yìn híhó etí ni ẹ̀fọ́rí dé, ẹ̀yìn ojú ló máa ń mú mi. Orúkọ àna mi fò lọ lórí mi. Bí mo bá dìde lójijì, òòyì á gbé mi. Ìyàwó mi, Ìyá Fàtáì, ní kí ló dé tí mo ń pariwo mọ́ gbogbo èèyàn, mo ní òun ló ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ìyàwó tuntun. Oògùn ẹ̀fọ́rí ni mo ń gbé mì. N kò sọ níbi iṣẹ́. Ta ló máa fi iná lé adití lọ́wọ́?

Lọ́jọ́ Àlàmísì kan, ihò mẹ́jọ la dì. Mo tanná, mo ka ìró dé mẹ́jọ, mo ní ó ti pé. Mùfú tó ń gbẹ́ ihò fún wa, àbúrò mi ni lọ́jọ́ orí, ló di aṣọ mi mú.

"Bàbá Fàtáì, ẹ jọ̀ọ́, méje ni mo gbọ́."

"Ìwọ? Etí tí kì í gbọ́ tí ìyàwó ẹ bá ń rán ẹ níṣẹ́?"

Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Mo ń sọ̀ kalẹ̀ lọ. Ó tẹ̀ lé mi, ó ń bẹ̀ mí, ó na ọwọ́ kó fà mí sẹ́yìn, ni ihò kẹjọ bú. Ọwọ́ yẹn ni òkúta bà. Ìka mẹ́ta já níbẹ̀, mo rí i. Èmi, atẹ́gùn rẹ̀ gbé mi ṣánlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń jáde létí òsì mi.

Ní ọsibítù, orí bẹ́ǹṣì la wà láti àárọ̀ di ọ̀sán, ìyàwó mi ń di ọ̀rá mú, mo ń bì sínú rẹ̀. Dókítà tó pè wá wọlé ti ṣe dókítà àwọn sójà rí. Kò béèrè ìbúgbàù ọjọ́ yẹn nìkan. Ó béèrè gbogbo èyí tí mo ti dúró tì láti ọdún méjìdínlógún yìí wá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yangàn, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá Fàtáì gbé ọwọ́ lé mi léékún kí n dákẹ́.

Ó ní awọ fẹ́lẹ́ tó wà nínú etí, tí wọ́n ń pè ní ìlù etí, ti ya, àti pé ọpọlọ mi ti gbọ̀n. Ó ní atẹ́gùn ìbúgbàù máa ń mi ọpọlọ nínú agbárí láìsí ojú ọgbẹ́ kankan níta.

"Ìró kẹjọ tí ẹ gbọ́ yẹn, sà, ó jọ pé orí yín ló dá a."

Mo ní èmi kì í purọ́.

"Ẹ ò purọ́. Ẹ gbọ́ ọ lóòótọ́."

Ó ní àwọn tó ń wádìí ìlera sójà ń yẹ àwọn tó ń yin ìbọn ńlá wò báyìí, kódà níbi ìdánrawò tí nǹkan kan ò ti bà wọ́n. Wọ́n ń so ẹ̀rọ kékeré mọ́ wọn lára láti wọn agbára atẹ́gùn náà. Ó ní wọn ò tíì fẹnu kò lórí ìwọ̀n tó pọ̀ jù fún ọpọlọ, òun ò sì ní ṣèlérí ohun tí òun ò mọ̀.

Ìsinmi ló pọ̀ jù nínú ìtọ́jú mi. Kò sí rédíò, kò sí fóònù, kò sí ariwo. Mo ń di ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ mú rìn, Ìyá Fàtáì á máa wí pé, "Ọ̀gá dáínámáìtì, gbé ẹsẹ̀." Ó dùn mí, mo sì ń gbé e. Nígbà tó di oṣù kẹta, òòyì lọ, ẹ̀fọ́rí dín kù. Ìlù etí náà jinná, ṣùgbọ́n etí ọ̀hún kò gbọ́ràn mọ́.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dá rìn jáde, ilé Mùfú ni mo lọ. Mo kúnlẹ̀ fún ẹni tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún. Ó ní, "Ẹ dìde, Bàbá Fàtáì. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ mi rí yín báyìí." Ọwọ́ òsì ló fi gbé mi dìde.

Ẹ̀yin tí ariwo jẹ́ iṣẹ́ yín, bí etí bá ń hó, ẹ tètè sọ. Mo ti rò pé irin ni ara mi, èèyàn ni mo jẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo ṣì mọ orúkọ àwọn ọmọ mi.

Ohun tó lọ nìyí: etí òsì kan, tèmi. Iṣẹ́ ọdún méjìdínlógún. Ìka mẹ́ta, ọwọ́ ọ̀tún Mùfú.