Ọdún Àńtónì Mímọ́ Lọ́dọ̀ Ìyá Bàbá Mi

Ohùn ìyá bàbá mi ni mo máa ń gbọ́ bí nǹkan bá sọnù. Àwa Àgùdà gbà pé Àńtónì Mímọ́ a máa báni wá ohun tó sọnù. Lọ́jọ́ ọdún rẹ̀ ní Ìlá, Ìyá a fi àkàrà wa pamọ́, wọn a ní ká kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

Lọ́dún kan, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé agolo áṣáà wọn pamọ́. “Ìyá, ẹ̀yin náà ẹ bẹ̀ ẹ́.”

Ìyá rọra kúnlẹ̀, wọ́n dijú. “Àńtónì Mímọ́, mi ò wá áṣáà. Ẹni tó gbé e ni kó o fi hàn mí.”

Kí wọ́n tó ṣe àmín, agolo ti dé iwájú wọn.

Ìyá sín, wọ́n ní, “Ẹ ò rí i, kì í pẹ́ dáni lóhùn.”