Ẹ̀jẹ̀ Aláró Lára Ògiri

Ọdún mọ́kàndínlógún ni obìnrin yìí ti fi ń rẹ ẹ̀jẹ̀ láró. Iṣẹ́ láàbù ni: á tẹ́ ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ aláìsàn sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, á rẹ ẹ́ láró, á wá yọjú wò ó nínú maikirosikóòpù. Ìyẹn ni gbogbo ilé ìwòsàn ṣe ń pè é ní Aláró.

Ohun tó mọ̀ jù ni inú kókó tó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì. Àwọn purotéènì kan wà níbẹ̀ tó máa ń ṣù jọ bíi hóró ọkà, bíi mẹ́wàá, bíi méjìlá. Ṣùgbọ́n tí irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan bá wọlé, àwọn hóró náà á fọ́ kúnná bí eruku. Bí oògùn bá jẹ́, wọ́n á tún padà ṣù.

Irú àìsàn yìí ló gbé káfíńtà kan dè ní wọ́ọ̀dù, tí èrìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ ṣáá. Dókítà àgbà, ọ̀gá Aláró, ń fi oògùn tuntun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe tọ́jú rẹ̀. Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, Aláró nílò ẹ̀jẹ̀ ẹni tára rẹ̀ dá láti fi wé ti káfíńtà. Kò rí ẹnì kankan, ló bá gún ìka ara rẹ̀. Tirẹ̀ ṣù dáadáa, ti káfíńtà ṣì kúnná. Ó ya àwòrán méjèèjì, ó kó wọn fún ọ̀gá.

Lọ́sẹ̀ kejì, gbọ̀ngàn ìpàdé ilé ìwòsàn kún fọ́fọ́. Ọ̀gá gbé àwòrán kan sára ògiri.

"Ẹ wo sẹ́ẹ̀lì káfíńtà wa! Hóró mọ́kànlá! Oògùn ti jẹ́!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Aláró ranjú mọ́ ọn. Etí sẹ́ẹ̀lì náà dà bíi búrẹ́dì tí èkúté gé jẹ, hóró méjì sì lẹ̀ mọ́ra bí ìbejì, gẹ́lẹ́ bó ṣe rí nínú àwòrán ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ tó yà. Ẹ̀jẹ̀ òun ni! Itọ́ kíkorò kún un lẹ́nu.

Ó bá ọ̀gá ní ọ́fíìsì, níbi tó ti ń fi igi tayín.

"Ẹ̀jẹ̀ mi lẹ fi hàn wọ́n, sà."

"Aláró, ẹ̀jẹ̀ ò kọ orúkọ sára. Oògùn yẹn ń bọ̀ wá jẹ́. Àwòrán kàn ṣíwájú rẹ̀ ni."

Ó tu ohun tó yọ léyín sílẹ̀, ó wá fi ọwọ́ tó fi ń tayín gbá a léjìká. Aláró bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà, ó sọ ọ́ sínú agbọ̀n aṣọ ìdọ̀tí.

Ó tọ olórí ilé ìwòsàn lọ. "Ẹ jẹ́ ká fi ṣe ọ̀rọ̀ abẹ́lé," nìyẹn wí, ojú rẹ̀ ò kúrò lára fóònù. Ṣìọ̀! Àṣé láti orí ni ẹ̀gbin náà ti ń ṣàn bọ̀.

Ní wọ́ọ̀dù, káfíńtà rẹ́rìn-ín sí i, ẹ̀jẹ̀ wà láàárín eyín rẹ̀. "Màmá, wọ́n ní mo ti ń gbádùn."

Aláró pe ìyàwó káfíńtà síta. "Ẹ gbé ọkọ yín lọ sí ilé ìwòsàn tó wà lódìkejì odò. Oògùn tí wọ́n ti dán wò fún àìsàn yìí wà níbẹ̀."

"Ṣé dókítà ni yín ni?"

"Rárá o. Ojú mi ló rí i. Irọ́ ni wọ́n ń pa fún yín."

Obìnrin náà wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti gbé Aláró lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ ìgbẹ́ wò. Àbúrò rẹ̀ bi í bó ṣe ń fara da òórùn ibẹ̀.

"Èwo ló ń rùn? Ìgbẹ́ ò kúkú pe ara rẹ̀ ní lọ́fínńdà."

Lẹ́yìn oṣù méjì, ìyàwó káfíńtà pè é: èrìgì ti gbẹ, àwọn hóró náà sì ti ń ṣù padà. Ọkọ òun ti lè jókòó, ó ń bú ẹni tó kan tábìlì ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Aláró rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ọ̀gá ṣì wà lórí àga rẹ̀. Bí wọ́n bá pàdé ní kọ́rídọ̀, Aláró á kó etí aṣọ rẹ̀ jọ, á ya sápá kejì. Kò kí i mọ́.