Ọjọ́ tí Ìyá Àgbà Wọlé Bá Wa Níbi Ìdúpẹ́ Òkú Rẹ̀

Mo ṣì kéré, eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sin ìyá tó bí ìyá mi. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mo ní nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sin ín. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ wá síbi ìsìnkú rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, tí ẹ rí sàréè mìíràn láàárín ti bàbá àgbà àti ibi tí a gbé e sí, tí ẹ sì ń bi ara yín léèrè ẹni tó wà níbẹ̀, ẹ sún mọ́ mi. Àwa tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wa kò pọ̀ mọ́.

Ilé wa wà ní Ìjokú, ní Ṣàgámù níbí. Ọ̀dọ̀ Ìyá àgbà ni mo ń gbé, torí Èkó ni bàbá àti ìyá mi ti ń ṣiṣẹ́. Obì ló ń tà. Obì wà nínú agbọ̀n, obì wà lábẹ́ ewé, obì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí mo ń sùn sí. Òun àti àwọn ìyá Mùsùlùmí àdúgbò wa ni wọ́n jọ ń rà á káàkiri oko, bó bá ti pọ̀ tó, á dì í sínú ọkọ̀ akẹ́rù, á bá a lọ sí òkè ọya. Bó bá lọ báyìí, oṣù kan lè kọjá kí a tó gbúròó rẹ̀. Ẹ̀rù kì í bà wá. Bí ayé ṣe rí nìyẹn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan a óò ṣáà gbọ́ tó ń fi oríkì mi pè mí láti òpópónà, àlùbọ́sà lórí rẹ̀, kúlíkúlí lọ́wọ́ rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń dún ju ti ọkọ̀ lọ.

Ọjọ́ tí mo ń sọ yìí, kì í ṣe ohùn rẹ̀ la gbọ́. Awakọ̀ kan tí a mọ̀ ló dúró sẹ́nu ọ̀nà wa, ó ṣí fìlà, ó dì í mọ́ àyà. Nígbà tó yá ló ní ọkọ̀ tí Ìyá àgbà bá lọ ti forí sọ ọkọ̀ agbégi lọ́nà òkè ọya, pé nínú àwọn tó jókòó níwájú, kò sí ẹnì kankan tó yè. Ìyá Mùsùlùmí kan tí wọ́n jọ ń ra obì ló kọ́kọ́ fi igbe ta. Èmi kò ké. Mo wọlé, mo jókòó sáàárín àwọn agbọ̀n obì, etí mi ń hó, n kò gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń sọ mọ́.

Àwọn ọkùnrin ẹbí bá awakọ̀ náà padà lọ. Pósí ni wọ́n gbé bọ̀, wọ́n ti kàn án níṣòó pa láti ọ̀hún. Wọ́n ní ojú òkú náà kò ṣeé wò, pé ìborùn òfì aláró tí Ìyá àgbà máa ń dà bora nínú ọkọ̀ làwọn fi dá a mọ̀, òun ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ìyá mi ti dé láti Èkó. Ó bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n jẹ́ kí òun rí ìyá òun lẹ́ẹ̀kan péré. Wọ́n dì í mú. Ẹ̀yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá àgbà wa tó ti kú tipẹ́, ni wọ́n sin ín sí, pẹ̀lú orin àti àdúrà, wọ́n sì ri àgbélébùú onípákó tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ mọ́ ibi orí.

Wọ́n wá fi ìsìn ìdúpẹ́ sí ọjọ́ Àìkú kan tí gbogbo ọmọ rẹ̀ yóò lè pé. Ṣọ́ọ̀ṣì kún, àwọn ènìyàn dúró lójú fèrèsé. Iwájú ni wọ́n kó àwa ẹbí sí. Àbúrò ìyá mi obìnrin ló jókòó tì mí, aṣọ àrán dúdú Ìyá àgbà ló ró, torí wọ́n ti pín ẹrù rẹ̀. Pásítọ̀ ń sọ bí olóògbé ṣe gbé ayé rẹ̀. Ó ní kò sí Sátidé tí kì í wá fọ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì bó bá wà nílé. Ó ní bí obìnrin kan bá bímọ ní Ìjokú, ìbáà jẹ́ ọmọ ìjọ, ìbáà jẹ́ Mùsùlùmí, òun ni yóò kọ́kọ́ gbé omi gbígbóná dé ibẹ̀. Ó ní ohùn rẹ̀ nìkan ń borí ti ẹgbẹ́ akọrin, bó bá sì gbàgbé ọ̀rọ̀ orin, á fi tara rẹ̀ dí i. Àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n tún ń nu ojú.

Lẹ́yìn ìyẹn a dìde láti kọrin. A ń kọ ọ́ lọ nígbà tí mo ṣàkíyèsí pé ohùn àwọn tó wà lẹ́yìn ń dínkù, ó ń dínkù, títí ó fi ku ohùn àwa tí a wà níwájú. Mo bojú wẹ̀yìn.

Ìyá àgbà ló dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Ó ti rù. Ó fi igi kan tilẹ̀, àpò kékeré kan wà léjìká rẹ̀, eruku ọ̀nà bò ó látorí délẹ̀. Ó ń wo gbogbo wa nínú aṣọ dúdú.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ ariwo ọjọ́ náà? Àwọn ènìyàn ń bẹ́ gba ojú fèrèsé. Ẹni tó ń tẹ dùùrù wọ abẹ́ dùùrù lọ. "Àkúdàáyà! Àkúdàáyà ni o!" ni wọ́n ń ké. Àbúrò ìyá mi sáré jáde, ó gbàgbé bàtà rẹ̀ méjèèjì. Ìyá mi dákú sórí àga. Èmi di aṣọ ìyá mi mú. Ìyá àgbà ń bọ̀ jẹ́jẹ́ láàárín àwọn àga, ó ń tẹ igi rẹ̀ mọ́lẹ̀, títí ó fi dé iwájú mi. Ìjìnlẹ̀ Rẹ́mọ ló ń sọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò ní gbọ́ ọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ẹ óò ṣe gbọ́ ọ.

Ó ní, "Ọmọ mi, mo délé, n kò bá ẹnì kankan. Aládùúgbò wa rí mi, ó sá. Orin tí mo gbọ́ ni mo tẹ̀ lé wá síbí. Ta ló kú?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni, Ìyá àgbà."

Ó wò mí lójú. "Èmi?"

Pásítọ̀ ló sọ̀ kalẹ̀. Ó na ọwọ́, ó di ọrùn ọwọ́ Ìyá àgbà mú, ó sì kígbe sí àwọn tó wà níta pé, "Ó gbóná! Ara rẹ̀ gbóná! Ènìyàn ni, ẹ padà wá!"

Wọ́n padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbé àga fún un, wọ́n fún un lómi. Ó wá sọ fún wa pé inú ló run òun nínú ọkọ̀, tí òun kò lè jókòó mọ́, tí òun fi bọ́ sílẹ̀ ní ìlú kan tí oníbàárà òun, Gàm̀bàrí kan tó ń ra obì, ń gbé. Ìyàwó ọkùnrin náà ló tọ́jú òun títí òun fi lè dìde.

"Mo ní kí awakọ̀ ọkọ̀ wa sọ fún yín pé ara mi kò yá," ó ní. "Ṣé kò jíṣẹ́ ni?"

Olórí ẹbí wa, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ló wá rọra sọ ọ́ fún un: ọkọ̀ náà kò dé ibi tó ń lọ. A rí òkú kan níwájú ọkọ̀, ìborùn rẹ wà lọ́rùn rẹ̀. A ti sin ín.

Mo rò pé inú Ìyá àgbà yóò dùn pé òun kọ́ ló kú. Àwọn kan tiẹ̀ ti ń jó lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n igi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà sì yọ̀ bọ́ lórí àga dé ilẹ̀. Ó ní, "Ọmọbìnrin yẹn! Ẹ̀yìn ló jókòó sí pẹ̀lú ẹrù, òtútù ń mú un. Èmi ni mo ní kó wá sí àyè mi níwájú. Èmi ni mo bọ́ ìborùn fún un."

Ijó dáwọ́ dúró. Kò sẹ́ni tó rò ó rí títí di ìgbà náà pé bí kì í bá ṣe Ìyá àgbà la sin, a sin ẹlòmíràn.

Olórí ẹbí ní kò sóhun tó le ńbẹ̀, pé bó bá di ọ̀la wọn yóò hú òkú náà, wọn yóò lọ sin ín sí ẹ̀yìn ìlú, torí ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ilẹ̀ àlejò. Àwọn àgbà mìíràn mi orí. Bí mo ṣe mọ Ìyá àgbà tó, n kò rí i kó tako ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ rí, orí ìkúnlẹ̀ ló ti máa ń kí i. Orí ìkúnlẹ̀ náà ló wà lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ohun tó sọ nìyí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ sà. Ẹ̀yin lẹ gbé e wálé. Ẹ sunkún rẹ̀. Ẹ kò lè gba ẹkún yín padà lọ́wọ́ rẹ̀." Ó yíjú sí pásítọ̀, ó ní, "Ẹ máa bá ìsìn yín lọ. Ẹnì kan ṣáà kú."

A sì bá a lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé orin, ohùn rẹ̀ ti há, ó sì gbàgbé ọ̀rọ̀ orin níbi tó ti máa ń gbàgbé rẹ̀.

Ohun tí Ìyá àgbà mọ̀ nípa obìnrin náà kò ju pé ará Ògijo ni, pé ó ń lọ bá ọkọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ojú irin. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì le tó fi mú mi dání, tí a wọ ọkọ̀, tí a gba Likosi kọjá lọ sí Ògijo. Ògijo tí ẹ mọ̀, tí ilé iṣẹ́ ń tú èéfín, kọ́ nìyẹn o. Oko ẹ̀gẹ́ ni, igi ọ̀pẹ ni. A ń béèrè láti ilé dé ilé, ta ni ọmọ rẹ̀ lọ bá ọkọ lókè ọya láìpẹ́ yìí? Wọ́n júwe ilé kan fún wa.

Ìyá arúgbó kan ló ń bó ẹ̀gẹ́ níwájú ilé, ọmọbìnrin kékeré kan ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí Ìyá àgbà ti sọ pé òun bá ọmọ rẹ̀ wọ ọkọ̀, màmá náà fi ọ̀bẹ sílẹ̀, inú rẹ̀ dùn, ó nu ọwọ́ sára aṣọ. "Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ jókòó. Ìyá ọmọ yìí mà nìyẹn! Ṣé ara rẹ̀ le? Ṣé ó ti dé ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀?"

Ìyá àgbà kì í wá ọ̀rọ̀ tì. Ṣùgbọ́n ìdì aṣọ kan tó gbé dání ló bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ìborùn òfì náà ni, àwọn ọkùnrin ẹbí ti bọ́ ọ kúrò lára òkú, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n tọ́jú rẹ̀. Kò mọ bó ṣe fẹ́ sọ ọ́, ó ṣáà gbé e lé itan màmá náà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí èèpo ẹ̀gẹ́. Obìnrin ni, ó dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Títí di òní, bí mo bá rántí ojú màmá yẹn nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yé e, ara mi máa ń tutù.

Ohun tí màmá náà kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Ǹjẹ́ ó jẹun láàárọ̀ ọjọ́ yẹn?"

Ìyá àgbà ní, "Ó jẹun, mà. A jọ jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà ni. Ó rẹ́rìn-ín sí mi pé mo ń jẹun jù."

Ó bá wa wá sí Ìjokú. Ó wo sàréè, ó wo bí wọ́n ti ro àyíká rẹ̀ mọ́, ó ní kí a má hú u, pé apá òun kì bá ká irú ìsìnkú bẹ́ẹ̀. Kí a ṣáà yí orúkọ ara àgbélébùú padà. A yí i padà. Láti ìgbà náà ni ọmọbìnrin kékeré yẹn ti di ara ilé wa, gbogbo ọlidé ló fi ń wá, èmi àti òun la jọ ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kan.

Ìyá àgbà lo ìyókù ẹ̀mí rẹ̀ dáadáa. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó kú lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀yin rò pé àgbàlagbà bẹ́ẹ̀, ikú rẹ̀ kò lè ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ó yà mí lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n gbé pósí olówó ńlá yẹn wọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí fóònù yín ń ya fídíò lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ẹ rí i pé mo ń bojú wẹ̀yìn, ẹ rò pé mo ń wá ẹnì kan. Mo ní kí wọ́n ṣí pósí, ẹ ń rẹ́rìn-ín pé, "Grándmà, àwọn ni, a ti rí wọn ní móṣúárì." Wọ́n ṣí i. Mo wò ó. Òun ni lóòótọ́. Àyà mi já bí ìgbà tí awakọ̀ ṣí fìlà lẹ́nu ọ̀nà wa, torí láti kékeré mi, n kò mọ̀ pé mo gbà nínú ara mi pé bí a bá ti kọrin dé àárín, yóò wọlé.

Lóde òní, ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ní Ṣàgámù, kó tó dé Ìbàdàn ẹ ti pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Irú àṣìṣe yẹn kò lè ṣẹlẹ̀ mọ́, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ tí ẹ jẹ lánàá, àwòrán rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Nígbà tiwa, ojú ènìyàn kò sí níbòmíràn ju inú orí ẹni tó ti rí i lọ.

Nígbà tí wọ́n bo ilẹ̀ tán, tí gbogbo yín ti lọ jẹun, ó ku èmi àti ọmọbìnrin Ògijo yẹn láàárín sàréè ìyá rẹ̀ àti ti Ìyá àgbà. Irun òun náà ti funfun. Ìyá ìyá rẹ̀ àti bàbá rẹ̀ ti lọ tipẹ́, Ìyá àgbà ló ṣẹ́ kù nínú àwọn tó rí ìyá rẹ̀ sójú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kò sí fọ́tò rẹ̀ kankan. Ta ló kù báyìí tó mọ bó ṣe rí?"

Mo sọ fún un pé kò sẹ́nì kankan. Ṣùgbọ́n mo sọ ohun tí Ìyá àgbà sọ fún mi ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀ fún un: pé láti ìgbà tí ọmọbìnrin náà ti dàgbà tó ìyá rẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá yọ lẹ́nu ọ̀nà wa ni àyà Ìyá àgbà máa ń já, torí ojú obìnrin inú ọkọ̀ náà ló ń rí.

Ó gbé ọwọ́ méjèèjì, ó fi kan ojú ara rẹ̀.