Ẹsẹ̀ Tí Kò Mọ̀ Pé Wọ́n Fọwọ́ Kàn Án

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ fún mi pé mo ní ìtọ̀ ṣúgà ni mo ti ń bẹ̀rù nítorí ẹsẹ̀ mi. Wọ́n kìlọ̀ fún wa nípa ojú, wọ́n kìlọ̀ nípa kídìnrín, ṣùgbọ́n ti ẹsẹ̀ ló dẹ́rù bà mí jù. Télọ̀ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Karmo, ní Àbújá níbí, ní òdìkejì títì sí ilé tí mo ń gbé. Ọwọ́ ló ń darí aṣọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ló ń sọ fún ẹ̀rọ ìgbà tí yóò sáré àti ìgbà tí yóò rọra. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Òṣogbo kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ bàtà jókòó sídìí ẹ̀rọ. Ó ní ẹni tó bá fi bàtà tẹ ẹ̀rọ dà bí ẹni tó fi ibọ̀wọ́ jẹ iyán. Tí a bá ti dé, a ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, a ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ lásán wá irin tí a ń tẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe títí irun mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun.

Mi ò ní dárúkọ ọsibítù tí mo ń lọ, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lè ṣẹlẹ̀ níbikíbi. Orí bẹ́ǹṣì gígùn kan la máa ń jókòó sí. Wọ́n á gún wa níka, wọ́n á wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, a ó sì dúró de dókítà. Dókítà ìgbà náà kì í ṣe Yorùbá, pijin la fi ń sọ̀rọ̀. Yóò máa kọ̀wé, yóò sì bi mí pé báwo ni ara. N ó ní a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Yóò ní ṣé kò sí ohun tó ń ṣe mí. N ó ní kò sí. Yóò ní kí n má jẹ ohun dídùn, kí n má rìn láìwọ bàtà. N ó ní ó dáa, sà. Ó parí.

Mi ò purọ́ fún un. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, ọpẹ́ lèèyàn fi ń dáhùn tí wọ́n bá béèrè ara. Ìyá mi wà lórí àìsàn tó pa á, síbẹ̀ ẹni tó bá wọlé kí i, "A dúpẹ́" ló máa ń gbọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá ń fi ẹnu ara rẹ̀ ka àìsàn, ó ń ṣílẹ̀kùn fún un ni. Dókítà rò pé òun bi mí ní ìbéèrè, èmi sì rò pé ó kí mi ni. Ní ti bàtà, mi ò rìn láìwọ̀ ọ́ rí. Orí títì ni mò ń rìn. Ìdí ẹ̀rọ, ìjókòó ni mò ń jókòó níbẹ̀.

Ẹni tí mo fẹ́ràn jù lórí bẹ́ǹṣì náà ni awakọ̀ kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń ná ọ̀nà Abaji. Ẹgbẹ́ mi ni, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Télọ̀," á ní, "ṣé o ti ń gé ṣúgà kù bí o ṣe ń gé aṣọ oníbàárà kù?"

"Ìwọ ńkọ́? Òkè ẹ̀bà wo lo wó kí o tó máa bọ̀ láàárọ̀ yìí?"

Òun ló kọ́ mi ní ọgbọ́n tí mo rò pé ọgbọ́n ni. Ó ní ohun tí dókítà ò bá rí, kò ní gé e. "Má bọ́ bàtà níwájú wọn o. Ẹni tó bá bọ́ bàtà méjì níwájú wọn, ọ̀kan ni yóò wọ̀ jáde." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo rántí pé èmi ni mo rẹ́rìn-ín pẹ́ jù.

Ní àsìkò ọyẹ́ kan, ó wá pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn. Ó ti da lọ́fínńdà sára débi pé a gbọ́ òórùn rẹ̀ kí ó tó yọ. Ṣùgbọ́n òórùn mìíràn wà lábẹ́ lọ́fínńdà náà, bíi ti eku tó kú sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Gbogbo bẹ́ǹṣì gbọ́ ọ. Ìyá Haúsá kan tó jókòó tì í rọra sún lọ sí ìpẹ̀kun. "Sànnu, baba," ló wí, ohùn rẹ̀ sì tutù. "Yauwa, sànnu," lòun náà dá a lóhùn.

Báwo lèèyàn ṣe ń sọ fún àgbàlagbà pé ó ń rùn? Èmi náà bi í pé, "Ara ńkọ́?"

"Alhamdulilah, télọ̀."

Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wọlé sọ́dọ̀ dókítà, kò pẹ́ tó fi jáde pẹ̀lú ìwé oògùn lọ́wọ́. Ó juwọ́ sí mi.

Nígbà tí ọjọ́ kílíníìkì tún pé, nọ́ọ̀sì pe orúkọ rẹ̀. Ó tún un pè. Ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi sì ń wo ilẹ̀. Ó fi káàdì náà sí abẹ́ àwọn yòókù. Ní gáréèjì ni mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé wọ́n ti gbé e lọ sílé, pé wọ́n gé ẹsẹ̀ náà kọjá orúnkún, pé kò jí mọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyàwó mi ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

"Bàbá àwọn ọmọ, kí ló dà sórí irin yìí?"

"Epo ẹ̀rọ ni."

Ó fi ìka nù ún, ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, ó wá wò mí. "Epo pupa lẹ wá ń dà sẹ́rọ báyìí?"

Mo ní kó fi mí sílẹ̀, iṣẹ́ ń pè mí. Nígbà tó lọ tán, mo gbé ẹsẹ̀ lé orúnkún. Ikùn mi ò jẹ́ kí n rí àtẹ́lẹsẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n mo rí ojú dúdú kékeré kan lábẹ́ ọmọ-ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún, omi ń sun jáde lára rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Kò dùn mí. Èyí ló tàn mí jẹ. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé egbò tí kò bá dunni, ó ti ń jinná ni. Mo da páúdà sí i, mo sì wọ ìbọ̀sẹ̀.

Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ náà lọ sí kílíníìkì. Orí bẹ́ǹṣì ni mo ti gbọ́ òórùn lọ́fínńdà tí mo fi sára kí n tó jáde. Mi ò mọ̀gbà tí mo dà á tó bẹ́ẹ̀. Àyè tí awakọ̀ yẹn máa ń jókòó sí ni mo jókòó sí, obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sì ti sún díẹ̀.

Dókítà tuntun ni mo bá nínú yàrá, ọmọdébìnrin kan. Yorùbá làwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n Àbújá níbí ni wọ́n bí i sí.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ má bínú, Yorùbá mi ò já gaara."

Kò mọ ìkíni ju ìyẹn lọ. Kò béèrè ara, kò béèrè ilé. Ó gbé bíírò sílẹ̀, ó fa àga rẹ̀ kúrò lẹ́yìn tábìlì, ó jókòó kọjú sí mi.

"Ẹ sọ fún mi, sà. Láti ìgbà tẹ́ ẹ jí lánàá, kí lẹ ṣe?"

Ọpẹ́ ò ṣe é fi dáhùn ìyẹn. Mo ní mo gbàdúrà, mo mu ẹ̀kọ, mo sọdá sí ṣọ́ọ̀bù, mo bọ́ bàtà, mo jókòó sídìí ẹ̀rọ.

"Ẹ bọ́ bàtà? Kí ló dé?"

"Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Télọ̀ ni mí."

"Lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́."

Ó wo bàtà mi. "Kí ló wà nílẹ̀, níbi tẹ́sẹ̀ yín máa ń wà?"

Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún un. Òwú wà níbẹ̀. Ègé aṣọ. Bọ́tìnnì. Píìnì. Abẹ́rẹ́ tó bá ṣẹ́. Nígbà tí mo dé orí abẹ́rẹ́, mo wo ẹsẹ̀ mi ọ̀tún.

"Kí lẹ ń bẹ̀rù jù lọ, sà?"

Mo wo ilẹ̀kùn. Mo rántí ẹni tó ní kí n má bọ́ bàtà. "Kí ẹ má gé e," ni mo wí.

Kò rẹ́rìn-ín, kò sì ṣèlérí. "Èmi náà ń bẹ̀rù ẹ̀," ló ní. "Ẹ jẹ́ ká jọ wò ó."

Mo bọ́ bàtà. Mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Ó mú okùn ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde, bí èyí tí àwa télọ̀ fi ń to ìlẹ̀kẹ̀ sára aṣọ. Ó ní kí n di ojú, pé tí ó bá ti fi kàn mí lẹ́sẹ̀, kí n ní hẹn. Mo di ojú. Mo ń gbọ́ ìró fáànù. Mo ń gbọ́ nọ́ọ̀sì tó ń pe ẹlòmíràn lóde. Mo dúró, ó pẹ́, kò ṣe nǹkan kan.

"Dókítà, mo ti ṣetán o. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀."

Nígbà tí mo lajú, ẹsẹ̀ òsì mi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo ti parí tọ̀tún, sà."

Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́dún yẹn, mi ò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn rí. Ara mi wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fọwọ́ kàn án, mi ò sí níbẹ̀.

Wọ́n ya àwòrán egungun ẹsẹ̀ náà. Ẹnu abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ló wà nínú rẹ̀. Mo mọ abẹ́rẹ́ ọ̀hún. Orí ṣòkòtò jíǹsì kan ló ti ṣẹ́. Tí abẹ́rẹ́ bá ṣẹ́, àwa télọ̀ máa ń wá ègé rẹ̀ nínú aṣọ títí, kó má baà gún oníbàárà. Mo gbọn ṣòkòtò yẹn, mo tú inú rẹ̀ síta, mi ò rí i, mo ní ó ti bọ́ sílẹ̀ nìyẹn.

Egbò náà ti dé egungun. Ọmọdébìnrin yẹn wá jókòó tì mí kí wọ́n tó gé ọmọ-ìka náà. Ó ní ìka yẹn kò ṣe é gbà là, ṣùgbọ́n òun rò pé ẹsẹ̀ ṣì lè dúró. Ó ní òun ò mọ̀ dájú. Ó bi mí bí mo ṣe fẹ́ kóun sọ ọ́ fún ìyàwó mi. Mo ní kó sọ ọ́ fún un bó ṣe sọ ọ́ fún mi, títí kan èyí tí kò mọ̀. Ẹsẹ̀ náà dúró. Wọn ò gé ju ìka kan lọ.

Kò ní kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tó bi mí ni pé, "Bàtà wo lẹ lè wọ̀ tẹ́ ẹ fi máa mọ ìṣe ẹ̀rọ?" Mo ní kò sí. Ó ní, "Ẹ bá mi wá a, sà. Ẹ̀yin lẹ mọ ẹ̀rọ." Èmi àti oníbàtà kan jọ gbìyànjú awọ oríṣiríṣi títí a fi rí èyí tó rọ̀ lókè tó sì yi nísàlẹ̀. Mo ba kọ́là ẹ̀wù kan jẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n lò. Títí di òní, ó dà bí ẹni pé mò ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kílíníìkì tó kọjá, ọkùnrin kan jókòó tì mí, ìbọ̀sẹ̀ nípọn lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kó fi ohun tó wà nínú ìbọ̀sẹ̀ náà han dókítà. Ó ní, "A dúpẹ́," ó sì sún kúrò lọ́dọ̀ mi.

Jígí tí àwọn oníbàárà fi ń wo ara wọn ni mo máa ń tẹ́ sílẹ̀ láràárọ̀ báyìí, kí n lè rí àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Ìyàwó mi á tún un wò tẹ̀lé mi. Láàárọ̀ yìí, mo rí ìlà pupa kan níbi gìgísẹ̀. Mi ò lè pe ìyàwó mi. Mo rọra na ọwọ́ sí i, ó sì tẹ̀lé ìka mi. Òwú ni, òwú pupa tí mo fi rán ẹ̀wù ọmọdé kan lánàá. Ó ti wọ inú bàtà mi, mo sì ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti àárọ̀ àná títí di alẹ́.

Mo ti wé e sínú bébà. N ó mú un lọ fún dókítà. Òwú lásán ni, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.